Mitokóńdríà àti Dídarúgbó Awọ Ara

Mitokóńdríà jẹ́ ẹ̀yà kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tí ó ń sọ oúnjẹ àti ọ́ksíjìn di agbára tí sẹ́ẹ̀lì lè lò. Nínú ọ̀ràn dídarúgbó awọ ara, ipò méjì ni ó dì mú. Òun ni orísun agbára tí awọ fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, òun náà sì ni ọ̀kan lára àwọn ibi tí ìbàjẹ́ oòrùn àti ti ọjọ́ orí máa ń kó jọ sí. Láti ìparí ọ̀rúndún ogún ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ìpara ti ń fi ìmọ̀ nípa mitokóńdríà polówó ọjà wọn. Ẹ̀rí tí ó wà fún ipa mitokóńdríà nínú dídarúgbó awọ lágbára púpọ̀ ju ẹ̀rí tí ó wà fún ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń tà lórúkọ rẹ̀ lọ.

Orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó ti wá

Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì kan, Richard Altmann, ṣàpèjúwe àwọn hóró kéékèèké kan nínú sẹ́ẹ̀lì ní ọdún 1890, ó sì gbà pé ohun abẹ̀mí ni wọ́n ní àyè ara wọn. Ará Jámánì mìíràn, Carl Benda, ni ó fún wọn ní orúkọ tí a mọ̀ wọ́n mọ́ lónìí ní ọdún 1898. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó ti mú un, èyí tí ó túmọ̀ sí òwú àti hóró, nítorí pé wọ́n máa ń rí bí òwú nígbà mìíràn, wọn a sì rí bí hóró nígbà mìíràn. Èrò Altmann jí dìde ní ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1967, nígbà tí Lynn Margulis, ará Amẹ́ríkà, tẹ àlàyé kan jáde pé bakitéríà ni mitokóńdríà nígbà láéláé, kí sẹ́ẹ̀lì tí ó tóbi jù ú lọ tó gbé e mì, tí àwọn méjèèjì sì di alájọgbé.

Ohun kan tí ó ti àlàyé yìí lẹ́yìn ni pé mitokóńdríà ní DNA tirẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú núkílíọ́sì sẹ́ẹ̀lì. DNA yìí rí róbótó bí òrùka gẹ́gẹ́ bí ti bakitéríà. Ní ọdún 1981 ni àwọn olùṣèwádìí ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka gbogbo rẹ̀ tán fún ènìyàn: lẹ́tà 16,569 ni gígùn rẹ̀, jíìnì 37 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ẹ̀dà DNA yìí lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, nítorí náà, ẹ̀dà tí ó pé àti èyí tí ó ti bàjẹ́ lè jọ máa gbé pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ìpalára tó hàn síta.

Ohun méjì nípa DNA yìí ni ó kan awọ ara gan-an. Èkínní ni pé ẹ̀gbẹ́ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń dáná agbára rẹ̀ ni ó wà. Èkejì ni pé irinṣẹ́ àtúnṣe tí ó wà fún un kò tó ti DNA inú núkílíọ́sì. Pàápàá jù lọ, mitokóńdríà kò ní ọ̀nà àtúnṣe tí núkílíọ́sì fi ń gé ibi tí ìtànṣán oòrùn bá bàjẹ́ kúrò tí ó sì ń fi tuntun dípò rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìbòrí fẹ́lẹ́ méjì ni mitokóńdríà ní, èyí tí ó wà nínú sì ká wọlé-wọ̀de kí àyè iṣẹ́ lè pọ̀ lórí rẹ̀. Lórí ìbòrí inú yìí ni àkójọ purotéènì mẹ́rin wà, tí wọ́n ń gba ẹ̀lẹ́kítíróònù lọ́wọ́ ara wọn títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọ́ksíjìn, tí omi yóò sì jáde. Bí ẹ̀lẹ́kítíróònù ti ń lọ bẹ́ẹ̀ ni a ń ti háídírójìn sí ẹ̀yìn ìbòrí náà, bí ìgbà tí a bá sé omi odò mọ́ ẹ̀yìn ìdídò. Nígbà tí ó bá ń ṣàn padà, ó ń yí ẹ̀rọ karùn-ún tí ń ṣe ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó. Peter Mitchell, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé àlàyé yìí kalẹ̀ ní ọdún 1961. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bá a jiyàn, kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1978.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀lẹ́kítíróònù ni ó ń dé òpin ìrìn yìí. Díẹ̀ máa ń jò lójú ọ̀nà, wọn a sì sọ ọ́ksíjìn di oníjàgídíjàgan, èyí tí ó ń kọ lu DNA, purotéènì àti ọ̀rá tí ó bá wà nítòsí. Denham Harman, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti sọ ní ọdún 1956 pé irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ ara di arúgbó. Ní ọdún 1972 ni ó wá nàka sí mitokóńdríà gẹ́gẹ́ bí orísun wọn. Orí èrò Harman ni a kọ́ ọjà antiọ́ksídáńtì lé, ìyẹn àwọn èròjà tí ń pẹ̀rọ̀ sí ọ́ksíjìn oníjàgídíjàgan. Ṣùgbọ́n èrò náà kò dúró bí ó ti wà. Ní ọdún 2004, àwọn olùṣèwádìí ní Sweden sọ nípa àwọn eku tí wọ́n yí jíìnì wọn padà kí àṣìṣe lè máa pọ̀ nínú DNA mitokóńdríà wọn. Àwọn eku náà tètè darúgbó, irun wọn re, ẹ̀yìn wọn tẹ̀, egungun wọn di aláìlágbára. Nígbà tí a wá yẹ̀ wọ́n wò, ọ́ksíjìn oníjàgídíjàgan kò pọ̀ sí i lára wọn tó bí a ti rò. Ó jọ pé àìtó agbára nínú sẹ́ẹ̀lì lè ba ara jẹ́ láìjẹ́ pé ọ́ksíjìn náà ni olórí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Nínú awọ ara

Awọ ní ìpele òkè àti ìpele ìsàlẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà darúgbó kò dọ́gba. Nínú ìpele òkè, àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun ń jáde láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń kú, wọ́n sì ń bọ́ dànù láàárín bí oṣù kan sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì tí DNA mitokóńdríà rẹ̀ bàjẹ́ níbẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó bá ìpẹ́ ara lọ. Nínú ìpele ìsàlẹ̀ ni àwọn fáíbúróbúlásìtì wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń hun kòlájínì, okùn tí ń mú kí awọ le dáadáa, àti ẹlásítìnì tí ń mú kí ó fà kí ó sì padà sí ipò. Àwọn wọ̀nyí kì í tètè pín, wọn kì í sì í tètè kú. Kòlájínì fúnra rẹ̀ ń pẹ́ nínú awọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohunkóhun tí ó bá bàjẹ́ ní ìsàlẹ̀ yìí kò rí ibi bọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò máa kó jọ sí.

Kí fáíbúróbúlásìtì tó lè hun kòlájínì, ó nílò ATP púpọ̀. Ní ọdún 2016, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Newcastle, lábẹ́ Mark Birch-Machin, ròyìn àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí awọ ènìyàn 27, láti ọmọ ọdún 6 títí dé ẹni ọdún 72. Apá ibi tí oòrùn kì í dé lára wọn ni wọ́n ti mú awọ náà. Wọ́n rí i pé bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni iṣẹ́ àkójọ purotéènì kejì nínú mitokóńdríà fáíbúróbúlásìtì ń lọ sílẹ̀. Èyí fi hàn pé ọjọ́ orí nìkan, láìsí oòrùn, tó láti dín agbára mitokóńdríà awọ kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ni ó ń ṣe jàǹbá jù.

Oòrùn

Ìtànṣán méjì láti ọ̀dọ̀ oòrùn ni ọ̀ràn yìí kàn jù. UVB ni ó ń jó awọ, ìpele òkè sì ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí. UVA kì í jóni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọnú lọ dé ìpele ìsàlẹ̀, ó sì ń gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá. Ní ọdún 2012, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé àwòrán ọkùnrin ẹni ọdún 69 kan jáde tí ó ti fi ọdún 28 wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀gbẹ́ ojú òsì rẹ̀, èyí tí ó kọjú sí fèrèsé ọkọ̀, hunjọ, ó sì nípọn, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ṣì ń dán ju ti òsì lọ lọ́nà tí ó hàn gbangba. Orí kan náà, oúnjẹ kan náà, ọjọ́ orí kan náà: ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni oòrùn.

Ní Düsseldorf, ní Jámánì, Mark Berneburg, Jean Krutmann àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn tọpasẹ̀ ohun tí UVA ń ṣe nínú mitokóńdríà. Ìbàjẹ́ kan wà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí DNA mitokóńdríà nígbà púpọ̀, nínú èyí tí lẹ́tà 4,977 ti ń já kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá òrùka náà. Ní ọdún 1997 wọ́n ròyìn pé àlàfo yìí pọ̀ nínú awọ tí oòrùn ti sọ di arúgbó ju nínú awọ tí aṣọ bò lọ. Ní ọdún 1999 wọ́n fi hàn pé bí a bá tan UVA léraléra sí fáíbúróbúlásìtì nínú àwo, àlàfo náà ń yọ. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 ni ó ṣe kedere jù. Ènìyàn gidi ni wọ́n lò, wọ́n tan UVA sí ibi tí oòrùn kò tíì dé lára wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní ìwọ̀n tí ènìyàn lè bá pàdé níta. Àlàfo náà pọ̀ sí i nínú ìpele ìsàlẹ̀, kò pọ̀ sí i nínú ìpele òkè, ó sì ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù 16 tí wọ́n ti dáwọ́ ìtànṣán dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, àmì rẹ̀ sì ju ọdún kan lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà tí oòrùn fi ń ba kòlájínì jẹ́. Ní ọdún 1996, Gary Fisher àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan fi hàn pé ìtànṣán UV tí kò tilẹ̀ tó láti jó awọ ń jí àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń gé kòlájínì dìde. Fáíbúróbúlásìtì tí mitokóńdríà rẹ̀ ti ní àlàfo náà máa ń ṣe irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ jáde. Èyí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ hínhun ń dín kù, iṣẹ́ gígé ń pọ̀ sí i.

Ṣé mitokóńdríà ni ó fà á?

Pé ohun méjì ń rìn pọ̀ kò fi hàn pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Keshav Singh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alabama ní Birmingham, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, fi gba àfiyèsí. Wọ́n ṣe eku kan tí jíìnì inú rẹ̀ ṣeé tàn kí ó sì ṣeé pa bí iná nípa lílo oògùn doxycycline. Bí jíìnì náà bá ti ń ṣiṣẹ́, DNA mitokóńdríà eku náà a dín kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, awọ àwọn eku náà hunjọ, irun wọn re, awọ wọn sì wú fún ìgbóná inú. Nígbà tí wọ́n dá oògùn náà dúró, DNA mitokóńdríà padà, awọ dán, irun sì hù. Eku ni wọ́n, wọn kì í ṣe ènìyàn, àìtó DNA mitokóńdríà tí a fi tipátipá mú wá kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ogbó tí ń wá díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí náà fi hàn pé ìbàjẹ́ mitokóńdríà nìkan lè mú kí awọ hunjọ, àti pé ó kéré tán, apá kan nínú rẹ̀ ṣeé yí padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìpara ń tẹnu mọ́ gbólóhùn kejì yìí ju èkínní lọ.

Awọ dúdú àti àwọn àfín

Mẹ́láníìnì, èròjà tí ń mú awọ dúdú, ń dènà UV. Nínú ìwádìí ọdún 1979 kan ní Amẹ́ríkà, ìpele òkè awọ àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ kí bí ìdá 17.5 nínú ọgọ́rùn-ún UVA kọjá, ti àwọn aláwọ̀ funfun sì jẹ́ kí bí ìdá 55 kọjá. Nítorí náà ni ojú aláwọ̀ dúdú kì í fi í tètè hunjọ. Ohun tí ogbó oòrùn sábà máa ń gbé wá sí irú awọ bẹ́ẹ̀ ni àbàwọ́n àti àwọ̀ tí kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìdá 17.5 kì í ṣe òdo, pàápàá fún ẹni tí ń ṣòwò lẹ́bàá títì tàbí tí ń ṣe iṣẹ́ oko láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Àwọn àfín kò ní ààbò yìí. Lábẹ́ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, awọ wọn ń gbó kíákíá, jẹjẹrẹ awọ sì lè mú wọn ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹlòmíràn kì í tíì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ń bó awọ náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba apá kan ààbò náà dànù: hydroquinone tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara abóra ń dí ìṣẹ̀dá mẹ́láníìnì lọ́wọ́, èròjà sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọn sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́. Ó jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu díẹ̀ pé orí àtẹ kan náà ni a ti máa ń rí ìpara abóra àti ìpara tí ó ṣèlérí láti dá ọjọ́ ogbó dúró.

Àwọn èròjà inú ìpara

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ìpara èyíkéyìí máa ń bá pàdé ni ìpẹ́ òkè pátápátá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú tí ọ̀rá sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí bíríkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé àlejò padà. Ní ọdún 2000, Jan Bos àti Marcus Meinardi dábàá òfin kan tí a ṣì ń tọ́ka sí, pé èròjà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju 500 Dalton lọ kì í lè gba inú awọ tí ó pé kọjá dáadáa. Ẹ̀yìn ìpẹ́ yìí ni sẹ́ẹ̀lì wà, inú sẹ́ẹ̀lì ni mitokóńdríà wà, mitokóńdríà fúnra rẹ̀ sì tún ní ìbòrí méjì. Èròjà tí ó ṣiṣẹ́ nínú àwo kò tíì bá ìkankan nínú wọn jà.

Coenzyme Q10 ni ó gbajúmọ̀ jù. Frederick Crane rí i nínú mitokóńdríà ọkàn màlúù ní Wisconsin ní ọdún 1957. Òun ni ó ń gbé ẹ̀lẹ́kítíróònù láàárín àkójọ purotéènì, ó sì tún jẹ́ antiọ́ksídáńtì. Ilé-iṣẹ́ Beiersdorf ní Jámánì gbé ìpara Nivea tí ó ní Q10 jáde ní ọdún 1998. Àwọn olùṣèwádìí ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn ròyìn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e pé ó ń wọ awọ, ó sì ń dín jíjìn ìlà ojú kù. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bíi 863 Dalton, nítorí náà, díẹ̀ nínú ohun tí a bá fi para ni a lè retí pé yóò dé ìpele ìsàlẹ̀.

Idebenone, tí ilé-iṣẹ́ Takeda ní Japan ṣe, jọ Q10 ṣùgbọ́n ó kéré jù ú lọ, bíi 338 Dalton. Ó ní ìtàn tí ó yẹ kí a kíyè sí. Gẹ́gẹ́ bí oògùn ẹlẹ́nu, ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i ní ọdún 2015 fún àìsàn ojú kan tí àṣìṣe inú DNA mitokóńdríà ń fà. Gẹ́gẹ́ bí ìpara, ìwádìí tí a sábà máa ń tọ́ka sí fún un, ti ọdún 2005, kò ní ìpara asán tí a lè fi ṣe ìfiwéra, a kò sì lè mọ ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ èròjà náà àti ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rá inú ìpara. Ó ti mú kí awọ àwọn kan yún wọn kí ó sì pọ́n.

Niacinamide, ẹ̀yà fítámì B3, kéré púpọ̀ (bíi 122 Dalton), kò sì wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì ń fi ṣe NAD, èròjà tí ń gbé ẹ̀lẹ́kítíróònù wá sí ẹnu ọ̀nà mitokóńdríà. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2005, àwọn obìnrin fi ìpara tí ó ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ pa ẹ̀gbẹ́ ojú kan, wọ́n sì fi ìpara asán pa èkejì fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àbàwọ́n dín kù ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ní èròjà náà. Àyípadà náà jẹ́ ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n ìlànà ìwádìí náà dára ju ti ọ̀pọ̀ lọ.

MitoQ, tí Michael Murphy àti Robin Smith ṣe ní New Zealand, so antiọ́ksídáńtì mọ́ èròjà kan tí agbára iná inú mitokóńdríà ń fà wọlé. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ lórí ìhunjọ ojú kò tíì tó nǹkan. Iná pupa tí wọ́n ń tà fún ojú náà ní àlàyé mitokóńdríà, pé àkójọ purotéènì kẹrin ń gba ìmọ́lẹ̀ náà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ní ti tretinoin, ẹ̀yà fítámì A tí ẹ̀rí rẹ̀ lórí ìlà ojú pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, kò gba ọ̀nà mitokóńdríà ní pàtàkì. Oògùn ni, kì í ṣe ìpara ọ̀ṣọ́, aláboyún kò sì gbọdọ̀ lò ó.

Ọ̀rọ̀ ara ìgò àti òfin

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1938 pààlà sáàárín ìpara ọ̀ṣọ́, tí ń mú ojú dára, àti oògùn, tí ń yí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Oògùn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn kí a tó tà á, ìpara ọ̀ṣọ́ kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá sọ pé ìpara òun ń tún mitokóńdríà ṣe ti ń sọ ọ̀rọ̀ oògùn. Ní ọdún 2012, àjọ FDA kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí Lancôme lórí ìpara tí ìpolówó rẹ̀ ní ó ń mú kí jíìnì ṣiṣẹ́ sí i. Ní Yúróòpù, òfin 655/2013 béèrè pé kí ohun tí a bá sọ nípa ìpara ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ara ìgò fi máa ń rọ̀ báyìí: kì í sọ pé awọ yóò ṣe ọ̀dọ́, ó ń sọ pé awọ yóò «jọ» ti ọ̀dọ́.

Ààbò lọ́wọ́ oòrùn

Ní Nambour, ní Queensland ti Australia, Adèle Green àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pín àgbàlagbà sí ọ̀nà méjì nípa ìbò. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fi ìpara ìdènà oòrùn para lójoojúmọ́, kí àwọn yòókù máa lò ó bí ó bá ti wù wọ́n. A fi èdìdì oníṣílíkọ́ọ̀nù gba àwòrán awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ènìyàn 903 tí wọn kò tíì pé ẹni ọdún 55. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2013 ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀, awọ àwọn tí ń lò ó lójoojúmọ́ kò fi ogbó kankan kún ti tẹ́lẹ̀ tí ó ṣeé rí, ogbó awọ wọn sì fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Apá kejì ìwádìí náà yẹ èròjà beta-carotene wò, antiọ́ksídáńtì tí a ń gbé mì. Kò mú ìyàtọ̀ kankan wá.

Kí ìpara ìdènà oòrùn tó lè dáàbò bo mitokóńdríà ìpele ìsàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dènà UVA pẹ̀lú UVB. Nọ́ńbà SPF tí a ń kọ sára rẹ̀, UVB ni ó ń wọ̀n ní pàtàkì. Ní Yúróòpù, ìgò tí ó bá dènà UVA tó bí ó ti yẹ máa ń ní àmì UVA nínú òrùka kékeré kan. Fìlà onígbèéróró, aṣọ alápá gígùn àti òjìji igi ń ṣe iṣẹ́ kan náà, wọn kò sì ní ìpẹ́ awọ láti là kọjá.